Lẹ́tà sí Fúnmiláyọ̀ lórí iṣẹ́ tí ìjọ mẹ́ta fẹ́ jọ ṣe

Adó-Èkìtì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n Fúnmiláyọ̀,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Inú mi dùn pé ìwọ ni wọ́n yàn ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí ìjọ Presbyterian mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́ fi máa ran àdúgbò lọ́wọ́. O béèrè ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó ra ìrẹsì, kí ẹ tó tẹ orúkọ sára aṣọ, ẹ jẹ́ kí Session, ìyẹn ìgbìmọ̀ alàgbà ìjọ kọ̀ọ̀kan, jókòó lé iṣẹ́ náà lórí, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí akọ̀wé wọn sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Ibẹ̀ ni irú iṣẹ́ yìí ti ń yè, ibẹ̀ náà ló ti ń kú.

Ìwọ náà mọ bí ìjọ yín ṣe ń ṣàkóso ara rẹ̀. Àwọn alàgbà tí ìjọ yàn àti olùṣọ́-àgùntàn ni wọ́n jọ ń ṣe ìpinnu nínú Session. Presbytery, ìgbìmọ̀ àwọn ìjọ agbègbè kan, ló wà lókè wọn, Synod àti General Assembly, àwọn ìgbìmọ̀ tó gbòòrò jù ú lọ, sì wà lókè èyí. Wọ́n lè gbé olùṣọ́-àgùntàn lọ sí ibòmíràn nígbàkigbà. Bí ó bá jẹ́ ìtara òun nìkan ló gbé iṣẹ́ ró, ọjọ́ tó bá di ẹrù rẹ̀ ni iṣẹ́ parí, àwọn opó tí ẹ ti ṣèlérí fún á sì máa wo ọ̀nà. Àwọn alàgbà ní tiwọn, ará ibẹ̀ ni wọ́n, wọn kì í ṣí kiri. Nítorí náà, orúkọ alàgbà ni kí ó wà níwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá ṣàìsàn tàbí tó rìnrìn àjò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àdúgbò. Nígbà tí Hope Waddell, míṣọ́nnárì Presbyterian, àti àwọn tó bá a wá láti Jàmáíkà gúnlẹ̀ sí Calabar ní ọdún 1846, àwọn ọba ibẹ̀ ti kọ̀wé pè wọ́n ṣáájú, ẹ̀kọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n béèrè fún. Ìpè ni wọ́n jẹ́. Kí ẹ̀yin náà jẹ́ ìpè. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí olórí àdúgbò, kí ó mọ̀ yín, kí ó sì sọ ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ ọdún ìbílẹ̀ fún yín kí ẹ má baà fi ètò yín kọlù wọ́n. Ẹ má fi ètò sí Sátidé bí ẹ bá lè yẹra fún un. Ìwọ náà mọ̀ bí òkú ṣíṣe àti ìgbéyàwó ṣe ń gba Sátidé ní Èkìtì.

Ó ti pẹ́ tí àwọn Presbyterian ti máa ń pín ilé àwọn ọmọ ìjọ láàárín alàgbà, kí kálukú ní àwọn ilé tí yóò máa bẹ̀ wò. Ẹ ṣe é fún àdúgbò náà: kí alàgbà kan mú òpópónà méjì tàbí mẹ́ta, kí ó mú ẹnì kan dání, ó sàn kí ó jẹ́ obìnrin, kí wọ́n máa wọlé méjì-méjì. Ẹ má ṣe béèrè pé, “Kí ni ẹ fẹ́ kí a ṣe fún yín?” Àwọn kan á ní kí ẹ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, èyí tí agbára yín kò ká. Àwọn yòókù á ní ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín, ẹ ó sì jáde láìmọ nǹkan kan. Béèrè pé oṣù wo ni oúnjẹ máa ń nira jù nínú ilé yìí. Béèrè pé ta ni kò lè dá rìn dé ilé ìwòsàn. Béèrè ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC lọ́dún yìí. Ìdáhùn sí ìbéèrè báyìí ṣeé kọ sílẹ̀, ó sì ṣeé ṣiṣẹ́ lé lórí.

Ọ̀rọ̀ èdè kò ṣeé fojú fò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ yín wá láti Abia, Ebonyi àti Cross River, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sì pọ̀ láàárín yín. Òyìnbó tàbí Ìgbò ni ìsìn yín máa ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni àwọn ìyá àgbà tí ẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́ gbọ́. Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6 pọ̀ nínú ìgbìmọ̀. Àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì ni wọ́n ń fojú fò nínú ìpín ojoojúmọ́, ìjọ sì yan ọkùnrin méje tí orúkọ gbogbo wọn jẹ́ ti Gíríìkì láti bójú tó ìpín náà. Bí ẹ bá ń yan àwọn tí yóò máa wọlé lọ bá ará àdúgbò, ẹni tó gbọ́ èdè ilé náà dáadáa ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ìbáà jẹ́ pé kò sí owó lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín ẹ̀yin fúnra yín náà, ẹ má jẹ́ kí àwọn Yorùbá máa jókòó sí ìhà kan kí àwọn Ìgbò sì wà ní ìhà kejì. Ẹ da wọ́n pọ̀ nínú akọrin àti nínú ẹgbẹ́ tó ń se oúnjẹ.

Ní ti oúnjẹ, mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ ka ibí yìí. Kérésìmesì ni gbogbo ìjọ máa ń pín ìrẹsì, nígbà tí iṣu àti àgbàdo ṣì wà nílé. Ebi gidi wà níwájú: láti nǹkan bí oṣù karùn-ún, tí iṣu àtijọ́ ti tán tí iṣu tuntun kò tíì ta, títí di oṣù keje tàbí ìkẹjọ. Ìgbà yẹn ni kí ẹ pín oúnjẹ, kí ẹ sì ra á ṣáájú. Láti oṣù kẹwàá sí ìkejìlá ni ẹ̀wà tuntun máa ń dé láti Òkè Ọya, ìgbà yẹn ni owó rẹ̀ sì máa ń wálẹ̀. Ẹ rà á nígbà náà, ẹ tọ́jú rẹ̀.

Ìtọ́jú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ ọ́n ṣe. Kòkòrò inú ẹ̀wà ti ń wọ̀ ọ́ láti oko, bí o bá kàn da ẹ̀wà sínú àpò lásán, ní oṣù mélòó kan ihò ló máa kún inú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́n apakòkòrò olómi sí i rárá, kódà bí ẹni tó tà á fún yín bá ní kò sí ewu; májèlé ni, NAFDAC sì ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ léraléra. Àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS ni kí ẹ rà: ọ̀rá nípọn méjì wà nínú rẹ̀, àpò híhun sì wà lóde. Ẹ kọ́kọ́ sá ẹ̀wà náà kí ó gbẹ. Láti mọ̀ bóyá ó gbẹ, bu ẹ̀wà díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ, da iyọ̀ gbígbẹ lé e, dé e, kí o sì gbọ̀n ọ́n dáadáa. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ tún un sá. Bí kò bá lẹ̀, ẹ rọ ọ́ sínú ọ̀rá àkọ́kọ́, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ fi okùn dì í. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rá kejì, kí ẹ tó di àpò òde. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, wọ́n á kú síbẹ̀. Ẹni tó bá ń tú u wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń ba iṣẹ́ náà jẹ́, torí afẹ́fẹ́ tuntun ló ń kó wọlé fún wọn. Ẹ gbé àwọn àpò náà sórí pákó, kí wọ́n má kan ilẹ̀ tàbí ògiri, kí ẹ sì ṣọ́ eku; ihò kan tí eku bá lu sára àpò tó láti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé.

Bí ẹ bá ní ogójì ilé, tí ẹ fẹ́ fún ilé kọ̀ọ̀kan ní kóńgò ẹ̀wà méjì, ọgọ́rin kóńgò nìyẹn. Ẹ fi kóńgò kan ṣoṣo wọn gbogbo rẹ̀, torí kóńgò ọjà kan kì í bá ti èkejì dọ́gba, àwọn tó gbà á sì máa ń fi ìpín wéra wọn. Ẹ gbé e dé ilé wọn ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ má tò wọ́n sí ìlà lábẹ́ oòrùn, ẹ má ya fọ́tò ojú wọn, ẹ má sì sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ ìwàásù kí ẹ tó fún wọn. Mùsùlùmí àti àwọn tó ń ṣe ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wà lára wọn. Ẹni tí ebi ń pa kò ráyè kọ̀ fún yín, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ fi oúnjẹ fa ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ àyẹ̀wò ìlera ni àwọn ènìyàn á fẹ́ràn jù, òun náà sì ni wọ́n máa ń ṣe ní ìkánjú jù. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ àti ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù yín, kí nọ́ọ̀sì tó ní ìwé àṣẹ wà níbẹ̀. Ẹni tó wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó ti tọ̀, kí ó fara ti àga, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí apá rẹ̀ wà lórí tábìlì ní déédéé ọkàn, kí wọ́n má sì so ẹ̀rọ lé aṣọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn gòkè dé, tí wọ́n wọn lójú ẹsẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ á ga láìṣe àìsàn. Bí ọ̀já ẹ̀rọ bá kéré ju apá lọ, nọ́ńbà á ga bákan náà, torí náà ẹ ní ọ̀já ńlá fún àwọn tó sanra. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín. Bí ó bá jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó padà wá lọ́jọ́ mìíràn fún àtúnwọ̀n. Ẹ má sọ fún un lọ́jọ́ kan ṣoṣo pé ó ti ní àrùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá tó 180 lórí 120, tí àyà ń dùn ún, tí orí ń fọ́ ọ gan-an, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tàbí tí apá kan ara rẹ̀ ń kú, ọkọ̀ ni kí ẹ fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, kí ọkọ̀ kan àti awakọ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ láti àárọ̀.

Ní ti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi omi àti ọṣẹ fọ ọwọ́, kí wọ́n nù ún gbẹ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ máńgòrò tàbí ọsàn, omi èso tó wà ní ìka rẹ̀ lè gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ sókè gan-an. Abẹ́rẹ́ ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ kan ẹlòmíràn, kí gbogbo rẹ̀ sì wọ inú kẹ́ẹ̀gì nípọn tí ẹ ó gbé padà fún ilé ìwòsàn láti sun. Kí ẹnikẹ́ni má pariwo nọ́ńbà ẹlòmíràn. Ẹ kọ ọ́ sórí káàdì, ẹ fi lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí alàgbà òpópónà náà lọ wo àwọn tí nọ́ńbà wọn ga bóyá wọ́n ti lọ rí dókítà. Bí ẹ kò bá lè ṣe àbẹ̀wò yìí, ẹ má ṣe àyẹ̀wò rárá. Ẹ̀rù nìkan ni ẹ ó ti kó bá wọn.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nígbà ìsinmi gígùn kò le. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì inú ìjọ yín lè kọ́ Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, wákàtí méjì lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Kí olùkọ́ méjì máa wà nínú yàrá nígbà gbogbo, kí ìlẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀. Èkìtì fẹ́ràn ìwé. Àwọn òbí á rán ọmọ wá.

Owó ni mo bẹ̀rù jù fún yín. Ẹ ṣí àkáǹtì kan lórúkọ ìgbìmọ̀, kí ẹnì kan láti ìjọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ olùbuwọ́lùwé, kí owó má sì jáde láìsí ọwọ́ méjì láti ìjọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má pín owó náà dọ́gba-dọ́gba. Ìjọ tí kò ní ju ogún ilé lọ kò lè san iye tí ìjọ tó ní ọgọ́rùn-ún ń san. Kí wọ́n mú èyí tí agbára wọn ká, kí wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ kún un, kí ẹ sì kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kan náà tí ẹ fi kọ owó. Ibí ni ìṣọ̀kan ti sábà máa ń fọ́: ìjọ tó ní owó jù á bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ, gbogbo ètò á máa wáyé lọ́gbà tirẹ̀, àwọn kéékèèké á dákẹ́, wọ́n á sì rọra yẹra. Kí ìpàdé máa yí ká. Kí ìbò ìjọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọgbọọgba láìka iye owó sí. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kò dá gbé ọrẹ àwọn ìjọ lọ sí Jerúsálẹ́mù. Ó ní kí àwọn arákùnrin tí ìjọ yàn bá òun lọ kí ẹnikẹ́ni má baà rí àlèébù sí i.

Ẹ jọ jẹun pọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn ìsìn Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa tí ẹ ó jọ ṣe, kí àwọn olùṣọ́-àgùntàn sì máa lọ wàásù nínú ìjọ ara wọn. Fún ìrẹsì, àpò 50 kìlò á tó bí 400 ènìyàn. Bí ẹ bá jẹ́ 120, kìlò 15 tó. Iyán wù mí fún yín jù, ṣùgbọ́n bí ó bá tutù, ó ti le nìyẹn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ìjọ kọ̀ọ̀kan gbé odó tirẹ̀ wá, kí wọ́n gún un lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ènìyàn ṣe ń jókòó.

Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé òun mọ ẹni tó ń ta àpò PICS ní ọjà, òun á bá ọ béèrè iye rẹ̀. Tí Session mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti fọwọ́ sí i, fi ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìpàdé náà ránṣẹ́ sí mi, kí n bá ọ wo orúkọ àwọn alàgbà àti òpópónà wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àbẹ̀wò.

Bá mi kí gbogbo ará ilé.

Èmi ni ìyá rẹ.