Akin, má tíì sanwó píánò yẹn

Akin, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àárò rẹ ń sọ mí gan-an. Délé ti di bàbá ìbejì, ara Màmá sì ti yá.

Bísí ló sọ fún mi pé o fẹ́ kó píánò olówó pọ́ọ́kú mẹ́wàá, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, kún ṣọ́ọ̀bù, torí pé àwọn tẹ́ ẹ jọ ń tajà ti já owó wálẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀ látìgbà náà.

Mo mọ̀ pé ọjà le. Àmọ́ bó bá jẹ́ owó pọ́ọ́kú nìkan lo fi ń fa oníbàárà, ẹni tó lówó jù ọ́ lọ á já tiẹ̀ wálẹ̀ sí i. Píánò kì í ṣe fóònù. Ó lè lo ọgbọ̀n ọdún nínú ilé, gbogbo ẹni tó bá sì tẹ̀ ẹ́ ló máa béèrè ibi tí wọ́n ti rà á.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n ní kí n wá tún ohùn irú píánò bẹ́ẹ̀ ṣe. Wáyà inú píánò lé ní 200, agbára tí gbogbo wọn fi ń fa ara wọn sì tó tọ́ọ̀nù 18 sí 20. Pákó tó di ìṣó tí a wé wáyà wọ̀nyí mọ́ mú gbọ́dọ̀ le dáadáa. Ti èyí ò le; ìṣó kàn ń yí ṣáá ni. Kí n tó dé apá ọ̀tún, èyí tí mo ti fà lápá òsì ti dẹ̀ padà. Ìyá ọmọ tó ni ín dúró tì mí. Kò bú ilé iṣẹ́ tó ṣe é o, orúkọ ẹni tó tà á fún un ló ń pè ṣáá.

Akin, mi ò fẹ́ kí wọ́n máa pe orúkọ rẹ bẹ́ẹ̀.

Yamaha ti ń ṣe píánò láti 1900, Kawai láti 1927. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lára wọn, a máa ń rí ẹ̀yà tí a ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà ara wọn á sọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí oníbàárà bá fẹ́ èyí tó tóbi sí i, wàá lè gba tàtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wàá sì rí i tà. Ta ló máa ra èyí tí kò lórúkọ lọ́wọ́ rẹ?

Mi ò ní kó o lọ kó Steinway olówó gọbọi o! Pearl River ti ilẹ̀ Ṣáínà ti wà láti 1956, kò sì wọ́n tó ti Jámánì. Ṣọ́ra ṣá: àwọn kan ń ra orúkọ àtijọ́ ti Jámánì, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ píánò tí wọ́n ṣe níbòmíràn. Béèrè ẹni tó ṣe é gan-an.

Jọ̀ọ́, má tíì sanwó. Ní kí wọ́n ṣí ọ̀kan, kó o ya fọ́tò ìṣó àti nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Bí owó ò bá tó, kó mẹ́ta tó lórúkọ dípò mẹ́wàá yẹn. Màá bá ọ tún ohùn wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí mo bá wá.

Tètè fèsì.

Èmi ni tìrẹ,
Káyọ̀dé