Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa lórí ìsinmi etíkun Gámbíà

Ẹ̀yin oníbàárà wa, Àsàlámù àlékùm. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọlẹ́yìn Kírísítì, àlàáfíà fún ẹ̀yin náà.

Mo mọ̀ pé ẹ ti rí iye owó tuntun fún ìrìnàjò Gámbíà tí a lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì, mo sì mọ̀ pé inú ń bí yín. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ lórí WhatsApp ló ń dé etí mi. Ẹ gbàgbé pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nínú gúrúùpù yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu tèmi náà.

Ohun tó yí padà nìyí: òru méje tí ìdílé máa ń lò ní hótẹ́ẹ̀lì ti di márùn-ún. Owó rẹ̀ kò dín, ṣe ló tún fi díẹ̀ gòkè. A kò sì ní fi bàálù gbé yín láti Ìlọrin dé Èkó mọ́, bọ́ọ̀sì la máa wọ̀.

Dọ́là ló fà á. Mo mọ̀ pé kò sí ọlọ́jà tí kì í fi dọ́là bojú ní Nàìjíríà báyìí, títí kan ẹni tó ń ta wàrà. Ṣùgbọ́n ọjà tèmi, létí òkun ní Kololi ní Gámbíà ló wà, wọn kì í sì í gba náírà níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nǹkan bí 460 náírà ni báńkì àpapọ̀ ń pe dọ́là kan. (Ẹ jẹ́ ká fi ti èyí tí à ń rà níta sílẹ̀, ìyẹn ti wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ tipẹ́.) Nínú oṣù kẹfà ọdún náà ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ kó máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Kó tó pé ọdún kan, dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà. Ẹ wá bá mi ṣírò. Ká ní hótẹ́ẹ̀lì ń gba 100 dọ́là lórí àgbàlagbà kan fún òru kan. Ọkọ àti ìyàwó fún òru méje, 1,400 dọ́là. Nígbà tí dọ́là wà ní 460, 644,000 náírà ni. Nígbà tó di 1,500, ó di 2,100,000. Hótẹ́ẹ̀lì kò fi sẹ́ǹtì kan lé e o! Yàrá kan náà ni, ibùsùn kan náà, okùn ọwọ́ kan náà tí wọ́n ń so mọ́ yín lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ní mo fi owó lé owó, kó wá fi ibi tí mo ti fi lé e hàn mí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọkùnrin tó ń bá wa gba yàrá lọ́hùn-ún. N kò ní dárúkọ rẹ̀. A ti jọ jẹun, ó ti sun ilé mi rí. Tẹ́lẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta owó yàrá la máa ń san sílẹ̀, ìyókù á di ìgbà tí ẹ bá dé. Lọ́dún yìí ló kọ̀wé pé gbogbo owó gbọ́dọ̀ ti pé lọ́wọ́ òun nígbà tó bá ku oṣù méjì kí ẹ gbéra, pé hótẹ́ẹ̀lì ló ní kí òun sọ bẹ́ẹ̀. Mo pè é. Ó ní àwọn Òyìnbó ń san tiwọn pé, kí ló ń ṣe ará Nàìjíríà? Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára. Àwọn Òyìnbó yẹn, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin ni wọ́n ń ya bo Gámbíà, nígbà tí òjò kì í rọ̀. Nínú oṣù kẹjọ tí òjò ń dà, tí àga etíkun ṣófo, ta ló ń sun yàrá rẹ̀? Ìdílé láti Ìlọrin, láti Ọ̀fà, láti Òmù-Àrán, torí ìgbà yẹn ni ilé-ìwé àwọn ọmọ wa ń gba ìsinmi. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Ó ní òun á rò ó. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, kò tíì rò ó tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá àjọ ìsinmi lọ́dọ̀ wa, ẹ fúnra yín mọ̀ pé owó yín kì í pé nígbà tí oṣù méjì bá kù. Ta ni yóò dí àlàfo yẹn? Èmi ni. Mo ti dí i títí, ó rẹ̀ mí. Àwọn tó sì ń sọ kiri pé owó àjọ ni mo fi kọ́ ilé tó wà ní Táńkè, ogún bàbá ìyàwó mi ni ilé yẹn, òrùlé rẹ̀ sì ń jò.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ọtí. Ọ̀pọ̀ yín ní, “Àwa kì í mutí, ẹ yọ owó ọtí kúrò níbẹ̀.” Alhaja kan ní kí wọ́n fi àmàlà dípò rẹ̀. Ẹ ṣàánú mi. Ètò àsanlẹ́ẹ̀kan kò rí bẹ́ẹ̀. Yàrá, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ohun mímu, eré àwọn ọmọ, ijó alẹ́, wọ́n ti di gbogbo rẹ̀ pọ̀. Wọ́n ti ṣírò ohun tí gbogbo àlejò yóò jẹ àti èyí tí wọn yóò mu lápapọ̀, wọ́n wá pín in sórí olúkúlùkù. Ẹni tó mu ìgò mẹ́wàá àti ẹni tó mu omi ọsàn, iye kan náà ni wọ́n ń san. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín fi áísìkiriìmù gba tiyín padà. Àwọn ọmọ ìdílé kan láti Pákátà ṣe bẹ́ẹ̀ níṣojú mi, oníṣẹ́ hótẹ́ẹ̀lì ni kò mọ ohun tí yóò sọ mọ́.

Nítorí yín náà ni mo ṣe yan Gámbíà. Ọmọ ECOWAS kò nílò físà láti wọ ibẹ̀, ó lè lo 90 ọjọ́. Òyìnbó tí à ń sọ nílé-ìwé ni wọ́n ń sọ. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ kò ní máa bẹ̀rù ẹran tí wọ́n gbé síwájú yín, ẹ ó sì máa gbọ́ ìrun pípè. Ẹni tó bá tọ́ domoda wò, ọbẹ̀ ẹ̀pà wọn yẹn, kì í pẹ́ gbàgbé àmàlà. Àwọn kan ní Badagry náà ní òkun. Òótọ́ ni, àwa ará Kwárà tí a kò ní ju odò Ọya ní Jẹ́bà lọ kò lè máa ṣa òkun yàn. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ó ti sanwó lẹ́ẹ̀kan, tí ọmọ kò ní máa fa aṣọ yín fún owó búrẹ́dì ní gbogbo wákàtí, òun ni ẹ ní kí n wá fún yín.

Ẹ má sì ka owó àwọn ẹlòmíràn mọ́ tèmi. Páásípọ́ọ̀tù olójú ewé 32 tí à ń lò fún ọdún márùn-ún, 35,000 náírà ni tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ó di 50,000, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ó di 100,000. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà, 600,000 náírà, kí ẹsẹ̀ yín tó kúrò ní Ìlọrin. Ní pápákọ̀ òfuurufú Gámbíà, 20 dọ́là ni wọ́n ń gbà fún ètò ààbò nígbà ìwọlé, 20 dọ́là mìíràn nígbà ìjáde. Kọ́bọ̀ kan nínú wọn kì í wọ àpò mi. Ọmọ tó bá sì ti pé ọdún 12, àgbàlagbà ni lójú bàálù, hótẹ́ẹ̀lì wa náà sì kà á bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí inú páásípọ́ọ̀tù ni wọ́n ń wò. Ẹ má bá mi jà pé ó ṣì kéré lójú.

Ní ti bọ́ọ̀sì, tíkẹ́ẹ̀tì bàálù Ìlọrin sí Èkó fún ìdílé kan, àlọ àti àbọ̀, ti ju owó òru méjì ní hótẹ́ẹ̀lì lọ. A ó gbéra ní ìdájí nítorí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́. Ẹ kúkú mọ ọ̀nà náà.

Láti ìsinsìnyí lọ, ọjọ́ tí ẹ bá mú owó àjọ wá ni a ó sọ ọ́ di dọ́là sí àkáǹtì, a ó sì kọ iye dọ́là náà sínú káàdì yín. Ẹni tí owó àsanlẹ́ẹ̀kan bá wúwo fún lè gba yàrá àti oúnjẹ àárọ̀ nìkan, a ń bá hótẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ owó rẹ̀ padà, a ó san án láìyọ kọ́bọ̀. Kó mú káàdì àjọ rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì fúnra rẹ̀, kó má rán ọmọ. Kó má sì wá lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn agogo méjìlá, a ti lọ sí mọ́ṣáláṣí nígbà yẹn, a kò sá lọ.

Èmi ni tiyín,
Ẹni tó ń bá yín ṣètò ìrìnàjò, Ìlọrin