Lẹ́tà sí Àbúrò Mi Tó Fẹ́ Di Fadá

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Jẹ́ kí n ṣì pè ọ́ ní "ìwọ" nínú lẹ́tà yìí, nítorí pé lọ́jọ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù bá ti fi òróró yàn ọ́, "ẹ" ni yóò kù tí n óò máa lò. Nígbà tí o wálé ní ìsinmi tó kọjá, o ní kí bàbá wa má ṣe pè ọ́ síbi iṣẹ́ mọ́, pé kò yẹ kí ẹni tó ń lọ sídìí pẹpẹ máa po sìmẹ́ǹtì. Bàbá kò fèsì. Ṣọ́bìrì rẹ̀ ni ó ń fọ̀, ó sì ń fọ̀ ọ́ nìṣó lẹ́yìn tí ó ti mọ́.

Ọmọ bíríkìlà ni Fadá Pedro Opeka náà. Slovenia ni àwọn òbí rẹ̀ ti ṣí lọ sí Ajẹntínà, níbi tí wọ́n bí i sí ní 1948, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni ó sì ti kọ́ṣẹ́ ilé kíkọ́. Kó tó gba oyè àlùfáà ní 1975, ó ti lo ọdún méjì ní Madagásíkà, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà. Ní 1989, nígbà tó ti di olórí sẹ́mínárì ní Antananarivo, olú ìlú Madagásíkà, ó dé ààtàn Andralanitra, ó sì bá àwọn ọmọdé tó ń bá ajá àti ẹlẹ́dẹ̀ du àjẹkù.

Iṣẹ́ tó bá nílé ni ó fi dá wọn lóhùn. Àwọn tó ń gbé orí ààtàn ń fọ́ òkúta, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé tí wọn yóò gbé, òun náà sì wà láàárín wọn. Akamasoa, ìyẹn ọ̀rẹ́ rere, ni wọ́n pe ibẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ló wà níbẹ̀ báyìí, pẹ̀lú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn. Nígbà tí Póòpù Francis ṣe àbẹ̀wò síbẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án 2019, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ni ó ti gbàdúrà fún àwọn òṣìṣẹ́. Mo rò pé àdúrà yẹn kan bàbá wa.

Òjò ti wó ògiri opó tó wà lẹ́yìn ilé wa. Bàbá fẹ́ tún un mọ ní Sátidé láì gba kọ́bọ̀. Kò mọ̀ pé mo kọ̀wé sí ọ. Jọ̀wọ́, wá.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ.