Omi tó pọ́n bíi tíì

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́yìn òjò, omi odò ẹ̀yìn oko wa n'Íkẹ̀rẹ́ máa ń pọ́n bíi tíì tí ò ní mílíìkì, àwọn èèyàn á ní ẹ ṣáà da kilorín, oògùn apakòkòrò inú omi, sí i. Èmi ò gbà. Ewé tó jẹrà ló yọ́ sínú ẹ̀, kilorín tó bá pàdé ẹ̀ lè di kẹ́míkà míì bíi chloroform, ìyẹn ò sì dáa fún ara. Omi dáàmù bíi ti Ureje l'Ádó náà, orí ilẹ̀ ló ti ń wá, ewé ò lè ṣaláì wọ̀ ọ́.

Àyẹ̀wò oje ewé inú omi ò sì le rárá: wọ́n á sẹ́ omi náà, wọ́n á bù ú sínú ife kékeré tí wọ́n fi quartz, òkúta kan tó mọ́ gaara, ṣe (gíláàsì lásán á gbé iná tí wọ́n fẹ́ lò mì), wọ́n á wá tan iná ultraviolet, iná tí ojú ò lè rí, tí ìgbì ẹ̀ gùn tó 254 nanometer, gba inú ẹ̀ kọjá, bí iná tó sọnù síbẹ̀ bá ṣe pọ̀ sí ni oje ewé yẹn ṣe ń pọ̀ sí. Irin tó yọ́ sínú omi lè da èsì rú díẹ̀ ṣá o. Ẹ bá wa sọ fún ìjọba kí wọ́n máa lẹ èsì ẹ̀ síta lóṣooṣù, ká rí i.

Èmi òǹkàwé yín, Ìkẹ̀rẹ́-Èkìtì