Ohun Tó Ń Mú Búrẹ́dì Bu Ló Wọ Ẹ̀dọ̀fóró Ẹ̀gbọ́n Mi

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí mo ti ń rò ó bóyá kí n kọ lẹ́tà yìí, torí ọ̀rọ̀ ilé wa ni. Ohun tó mú mi gbé bírò ni ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ nínú ọkọ̀ láti Tákíè lọ sí Sábó. Obìnrin kan ń sọ fún ẹni tó jókòó tì í pé òun kò ní gbà kí wọ́n gbé ìyá òun wọ ICU, yàrá ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, pé ẹni tí wọ́n bá ti ki rọ́bà bọ̀ lọ́fun níbẹ̀, ẹ̀rọ yẹn ló ń pa á. Gbogbo èrò ọkọ̀ ló gbè é lẹ́yìn. Ẹnì kan tiẹ̀ ní ibẹ̀ ni ayé ti máa ń ráyè wọlé sí èèyàn lára. N kò lè fèsì lọ́jọ́ náà, ẹkún ti dí mi lọ́fun. Ẹ jẹ́ kí n fèsì báyìí.

Ẹ̀gbọ́n mi kú sí ICU lásìkò ọyẹ́ tó kọjá. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, ẹjọ́ kọ́ ni mo wá rò. Ọ̀fìnkìn gágá ló kọ́kọ́ dá wọn dúbúlẹ̀, ó di òtútù àyà, nígbà tó di ọjọ́ kẹta wọn kò lè mí dáadáa mọ́, ni wọ́n bá so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ amúnimí. Wọ́n ti ní ìtọ̀ ṣúgà tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ara wọn fẹ́ balẹ̀. Mo di ọwọ́ wọn mú, wọ́n sì fún ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo délé, mo sọ fún ìyàwó wọn pé ewu ti ré kọjá. Lọ́jọ́ keje ibà padà dé. Dókítà pààrọ̀ àńtíbáyọ́tíìkì, ó tún pààrọ̀ rẹ̀, ó tún pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, owó ìwé oògùn kọ̀ọ̀kan sì ń ga ju ti ìṣáájú lọ. Ìwé kẹta ni mo ta ọ̀kadà mi lé lórí. Ibà kò lọ.

Ọjọ́ kọkànlá ni dókítà kan, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ alẹ́, yẹ fáìlì wọn wò títí, ó gbójú sókè, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá fọ́ńgọ́ọ̀sì ni." Wọn kì í ṣe àyẹ̀wò náà níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo gbé omi tí wọ́n fà láti inú ẹ̀dọ̀fóró wọn lọ sí ìlú mìíràn, nínú ike kékeré tí wọ́n kó yìnyín yí ká nínú kúlà. Àárín ẹsẹ̀ mi ni mo gbé e sí nínú ọkọ̀ èrò. Ẹ̀gbọ́n mi kú lọ́jọ́ kẹtàlá. Èsì dé sórí fóònù mi lọ́jọ́ kẹta tí a sin wọ́n tán. Aspergillus ni, ọ̀kan lára àwọn fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń mú búrẹ́dì bu.

Olóòtú, mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ ní Baọ́lọ́jì. Lọ́dọọdún la máa ń wọ́n omi sí búrẹ́dì, ká fi ọ̀rá bò ó, ká gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù láàbù. Tó bá fi máa di ọjọ́ karùn-ún, ó ti bu. Màá pín lẹ́ǹsì fún wọn: èyí tó ta òwú funfun tó ní orí dúdú bí orí píìnì, Rhizopus nìyẹn, èyí tó dà bí lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé, ó lè jẹ́ Aspergillus. Àlùfáà ará Ítálì kan, Pier Antonio Micheli, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1729, torí bó ṣe rí lábẹ́ máíkírósíkóòpù jọ ohun tí àwọn fadá fi ń wọ́n omi mímọ́ sí ìjọ lára. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ìtàn yẹn. Wọ́n á yà á, màá máàkì í. N kò sọ fún wọn rí pé ó lè pa ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ICU, torí èmi náà kò mọ̀.

Kò sí ẹni tí kì í fà á símú. Ó ń gbé inú ilẹ̀, inú ààtàn, inú sílìn tí òjò ń jò sí, inú eruku. Ẹni tó bá dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti rí irú rẹ̀ lára gbódó tí òjò ká mọ́ orí àpáta kí ó tó gbẹ. Irúgbìn rẹ̀ kéré débi pé ojú kò lè rí i, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún rẹ̀ la sì ń mí símú lójúmọ́. Imú àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á mú èyí tó pọ̀, àwọn ọmọ ogun ara á jẹ ìyókù, a ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Ti ẹni tó wà ní ICU yàtọ̀. Gágá ti họ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bó. Rọ́bà ti fo imú kọjá. Ìtọ̀ ṣúgà ti sọ àwọn ọmọ ogun ara di aláìlágbára, sítẹ́rọ́ìdì, oògùn tó ń mú kí ara wíwú rọlẹ̀, tí wọ́n ń fún un sì tún ń kùn wọ́n lóorun. Irúgbìn tó bá balẹ̀ síbẹ̀ yóò hù, yóò máa ta òwú wọnú ẹran ẹ̀dọ̀fóró bí iṣu ṣe ń ta ìtàkùn, títí yóò fi gún iṣan ẹ̀jẹ̀. Lójú ẹ́síréè, ó lè dà bí òtútù àyà lásán. Àńtíbáyọ́tíìkì kò sì ràn án, bakitéríà ni tirẹ̀; ẹ lè fi gbogbo owó ilé rà á. Ohun tí mo fẹ́ kí obìnrin inú ọkọ̀ yẹn gbọ́ nìyí. Ẹ̀rọ yẹn ló jẹ́ ká rí ẹ̀gbọ́n mi fún ọjọ́ mẹ́wàá sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má sì torí ọ̀rọ̀ mi kọ sítẹ́rọ́ìdì. Ní 2020, ìwádìí RECOVERY ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé dexamethasone, tó jẹ́ ọ̀kan lára sítẹ́rọ́ìdì, ń dín ikú kù láàárín àwọn oní-COVID tó wà lórí ẹ̀rọ amúnimí. Ẹni tó bá fi sítẹ́rọ́ìdì ṣílẹ̀kùn ni mo ní kí ó máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kí fọ́ńgọ́ọ̀sì má bàa wọlé.

Àwọn kan á ní irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ní 2018, ìwádìí kan jáde láti ICU méje ní Bẹ́ljíọ̀mù àti Netherlands. Àwọn 432 tí gágá gbé dé ICU ni wọ́n yẹ̀ wò. 83 nínú wọn ló ní Aspergillus nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó fẹ́ẹ̀ tó ẹnì kan nínú márùn-ún. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní in, 51 ló kú kí 90 ọjọ́ tó pé. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò ní in, 28. Lóru ni mo ka èyí lórí fóònù ọmọ mi, n kò sì sùn mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọdún 2018! Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń lọ sóko nígbà yẹn. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé náà to fọ́ńgọ́ọ̀sì 19 tó yẹ kí ayé fojú sí ní 2022, Aspergillus fumigatus wà lára mẹ́rin tí wọ́n kọ sókè pátápátá.

Àyẹ̀wò fọ́ńgọ́ọ̀sì yẹn ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Galactomannan lorúkọ rẹ̀. Ṣúgà kan tó wà lára èèpo Aspergillus ló ń wá, ó sì máa ń hàn nínú omi tí wọ́n fi fọ ẹ̀dọ̀fóró ju inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Ó ti wá ní èyí tí kò nílò láàbù ńlá, pẹlẹbẹ bí ti àyẹ̀wò ibà tí wọ́n ń ṣe ní kẹ́mísítì, tí èsì rẹ̀ ń jáde láàárín nǹkan bíi wákàtí kan. Wákàtí kan, Olóòtú. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ wa rí i pé ó wà nílẹ̀ ní gbogbo ibi tí ICU bá wà, láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́. Kí voriconazole, oògùn tó ń gbógun ti Aspergillus, náà wà ní fámásì ibẹ̀. Nínú ìwádìí tó jáde ní 2002, nǹkan bí 71 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláìsàn Aspergillus tí wọ́n kọ́kọ́ fún ní voriconazole ló wà láàyè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12; ti amphotericin B, oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ti wà tẹ́lẹ̀, jẹ́ 58. Oògùn ọ̀wọ́n ni, mo mọ̀. Owó àńtíbáyọ́tíìkì mẹ́ta tí kò ṣiṣẹ́ náà kò kéré.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, wọ́n ń wó ògiri ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ICU. Mo fi ìka kan fèrèsé, eruku funfun bò ó. N kò sọ pé ibẹ̀ ni tiwọn ti wá, kò sí ẹni tó lè mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti mọ̀ pé eruku ilé wíwó máa ń gbé Aspergillus dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Bí iṣẹ́ bá pọn dandan, kí wọ́n fi ọ̀rá tó nípọn dí ọ̀nà eruku kí òòlù tó balẹ̀.

Obìnrin yẹn bọ́ọ́lẹ̀ kí n tó rí ohùn sọ̀rọ̀. Ó gbé igbá èlùbọ́ lé orí, ó ń yára. Tó bá ka èyí, tàbí tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá kà á fún un: ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ìyá wọlé. Tí ibà bá lọ tó tún padà, tí àńtíbáyọ́tíìkì kò sì ràn án, ẹ bi dókítà bóyá wọ́n ti wo ti fọ́ńgọ́ọ̀sì. Ẹ má dúró di ọjọ́ kọkànlá.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ Baọ́lọ́jì tó ti fẹ̀yìntì,
Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n, Ògbómọ̀ṣọ́.