Àkànní, san owó ọkọ̀ rẹ

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

Àkànní, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, bàbá rẹ náà kí ọ. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ kẹ́yìn. Bí mo bá pè ọ́, fóònù rẹ á dún títí á fi dákẹ́, ọjọ́ kejì ni wàá tó fi ọ̀rọ̀ ṣókí ránṣẹ́ pé iṣẹ́ ló dí ọ lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo ní í bá ọ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró.

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Àpáta, obìnrin kan tí ọmọ tirẹ̀ náà wà ní Lọ́ńdọ̀nù fà mí lọ sẹ́yìn ilé. Ó ní ọmọ òun sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ káàdì wò mú ọ nínú bọ́ọ̀sì, àti pé káàdì bàbá àgbàlagbà tí ẹ jọ ń gbélé ló wà lọ́wọ́ rẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní Freedom Pass, tí ìjọba ń fún àwọn arúgbó kí wọ́n lè máa wọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo sọ fún un pé irọ́ ni. Mo sọ ọ́ kíkankíkan, débi pé àwọn tó ń ro àmàlà bojú wẹ̀yìn wò wá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà oorun mi kò dán mọ́rán mọ́, torí pé ohun kan wà tí èmi mọ̀ tí obìnrin náà kò mọ̀, màá sì sọ ọ́ kí n tó parí lẹ́tà yìí.

Àkànní, ṣé òótọ́ ni?

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Peckham ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ibẹ̀ ṣe rí fún mi, n kò sì sọ ìdí tí mo fi ń bi í. Ó ní láti 2014 ni àwọn bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò ti gba owó lọ́wọ́ èrò mọ́. Káàdì Oyster, èyí tí wọ́n ń fi san owó ọkọ̀ níbẹ̀, tàbí káàdì báǹkì ni èèyàn ń fi kan ẹ̀rọ aláwọ̀ ìyeyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀kan péré ni, nígbà tí o bá ń wọlé. Ti ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ yàtọ̀, o gbọ́dọ̀ kan káàdì nígbà tí o bá ń wọlé àti nígbà tí o bá ń jáde, torí bí o bá gbàgbé ti ìjáde, ẹ̀rọ kò ní mọ ibi tí o ti sọ̀kalẹ̀, owó tó ga jù lọ ni yóò sì yọ. Ó ní ẹni tí wọ́n bá mú tí kò sanwó lè san £100 ìtanràn, tí yóò di £50 bí ó bá tètè san án láàárín ọjọ́ 21. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù tó èyí tó sọ tẹ̀ lé e, pé ẹni tó bá ń lo káàdì ẹlòmíràn lè dé ilé ẹjọ́, pé ìtanràn ibẹ̀ lè tó £1,000, àti pé orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò wọ ìwé àwọn arúfin. Nígbà tí o bá fẹ́ tún fíísà rẹ gbà ńkọ́? Wọ́n máa bi ọ́ bóyá ilé ẹjọ́ ti dá ọ lẹ́bi rí. Kí lo fẹ́ kọ síbẹ̀?

Kànga wa ti kún. Àbúrò rẹ ti parí ìdánwò WAEC, orúnkún bàbá rẹ sì ti sàn díẹ̀.

Nígbà tí mo lọ sí Èkó, wọ́n mú mi wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, láti Mile 2 dé Marina. Nígbà tí mo fi káàdì Cowry kan ẹ̀rọ tí ìlẹ̀kùn sì ṣí, ìwọ ni mo rántí. Mo ní báyìí ni ọmọ mi ṣe ń ṣe láràárọ̀ níbi tó wà, inú mi sì dùn débi pé mo dúró sójú ọ̀nà, tí àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń ní kí n kúrò. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìdùnnú ọjọ́ yẹn lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ owó tún ń jẹ mí lọ́kàn. Oṣooṣù lo ń fi owó oògùn bàbá rẹ ránṣẹ́, títí di oṣù tó kọjá tí n kò rí nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ pé owó ọkọ̀ rẹ ni o ń fi pa mọ́ fún wa, Àkànní, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má fi ránṣẹ́ mọ́. Mo ti ta ewúrẹ́ méjèèjì, oògùn oṣù méjì sì ti wà nílẹ̀. Wọ bọ́ọ̀sì dípò ọkọ̀ ojú irin bí owó bá há. £1.75 ni bọ́ọ̀sì nígbà tí o débẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì ní láàárín wákàtí kan tí o bá ti kan káàdì, o lè wọ bọ́ọ̀sì mìíràn láìsanwó kún un, bí o bá ṣáà ti lo káàdì kan náà. Bọ́ọ̀sì 36 tó ń gba Peckham kọjá lọ sí Victoria ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Káàdì akẹ́kọ̀ọ́ tún wà, tó ní fọ́tò tìrẹ gan-an lórí, tó ń dín owó Travelcard kù, ìyẹn owó ọkọ̀ tí èèyàn ń san pọ̀ lẹ́ẹ̀kan fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, ní ìdá 30 nínú 100. Kí ló dé tí o kò lọ gba ìyẹn? Fọ́tò bàbá arúgbó ni ìwọ wá ń gbé kiri! Ta ló kọ́ ọ?

Mo béèrè ìyẹn tán, mo sì gbé bírò sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, torí pé mo mọ ẹni tó kọ́ ọ.

Ní 2008, nígbà tí o jẹ́ ọmọ ọdún méje, a wọ bọ́ọ̀sì ní Ìwó Road, à ń lọ sí Ọjọ́ta. N kò fẹ́ san owó àyè rẹ. Mo gbé ọ lé itan, orúnkún rẹ kan àga iwájú, bàtà rẹ ń ta mí lójúgun, mo ní kí o ká ẹsẹ̀ rẹ kò, kí o sì sọ pé ọdún mẹ́rin ni ọ́ bí wọ́n bá bi ọ́. Kọ̀ńdọ́ bi ọ́ lóòótọ́. O na ìka mẹ́rin sókè, o ní, “Mẹ́rin ni, sà,” lẹ́yìn náà lo gbójú sókè wò mí bóyá o ṣe é dáadáa. Nígbà tí a dúró ní Ògèrè, mo ra gúgúrú fún ọ. Owó àyè tí n kò san ni mo yọ rà á. Ìwọ lè ti gbàgbé, ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí ìka mẹ́rin yẹn, láti ọjọ́ tí obìnrin yẹn ti bá mi sọ̀rọ̀, kò sí òru kan tí n kò rí i. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré, a ṣe é títí o fi ga ju èjìká mi lọ.

Mo jẹ̀bi rẹ, ọmọ mi. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti mú ọ, má fi pa mọ́ fún mi, má sì sá fún ìwé tí wọ́n bá kọ sí ọ. Lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Peckham lónìí, kí ó tẹ̀ lé ọ débi tó bá yẹ. Ìtanràn náà, a ó jọ san án. Dá káàdì bàbá yẹn padà fún un kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lẹ́yìn náà, pè mí láàárọ̀ nígbà tí o bá ń wọ bọ́ọ̀sì. O kò ní láti sọ nǹkan kan. Di fóònù mú lọ́wọ́ kan, fi káàdì tìrẹ kan ẹ̀rọ náà, kí n gbọ́ bí ó ṣe máa dún.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.