Dídìmọ́ni kì í ṣe ọgbọ́n ìjà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Inú ló bí mi tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, ẹ bá mi fara dà á. Akọ̀ròyìn yín tó kọ nípa ìjà ẹ̀ṣẹ́ òru Sátidé tó kọjá ní ẹni tó borí fi ọgbọ́n kọ́ alátakò rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ wo? Èmi náà jókòó wo ìjà ọ̀hún títí agogo ìkẹyìn fi lù. Ọ̀gbẹ́ni yẹn á na jáàbù méjì, ìyẹn ẹ̀ṣẹ́ gbọọrọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ iwájú ta, á fò sẹ́yìn. Bí ẹnìkejì bá wá ráàyè já wọlé, kó tó gbé ẹ̀ṣẹ́ kan sókè, ọ̀gbẹ́ni ti gbá a mọ́ra. Á há apá ọ̀tún onítọ̀hún mọ́ abíyá, á gbé àgbọ̀n lé e léjìká, ojú rẹ̀ á wá máa wá rẹfirí kiri bí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ. Rẹfirí á sáré dé, á tú wọn ká, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti àárín ríǹgì. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún ráúńdì méjìlá nìyẹn. Wọn ò yọ àmì kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò bá ẹni tẹ́sẹ̀ rẹ̀ yá jà. Nígbà tí Pernell Whitaker kojú Julio César Chávez ní San Antonio ní oṣù Kẹsàn-án 1993, orí ló ń gbé sọ́tùn-ún sósì, tí Chávez ń lu afẹ́fẹ́. Adájọ́ méjì nínú mẹ́ta kọ 115-115, wọ́n ní ọ̀mì ni. Èmi tí mo fẹ́ràn Chávez ni mo ń sọ fún yín pé wọ́n fi ẹ̀tọ́ Whitaker dù ú. Oleksandr Usyk náà ńkọ́? Ẹsẹ̀ ló fi gba ìgbànú lọ́wọ́ Anthony Joshua wa ní London ní 2021. Ó dùn mí títí di òní, ṣùgbọ́n mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Joshua ló lọ dúró lókèèrè, tó ń bá ẹni tó yára jù ú lọ ta jáàbù. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Jeddah ní 2022, tí Joshua bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìhà, tó ń tì í lọ sẹ́yìn ní ráúńdì kẹsàn-án, ṣé ẹ rí i pé adájọ́ kan tiẹ̀ fún un ní 115-113? Usyk ṣì borí, ó sì tọ́ sí i. Àwọn tó dì mọ́ni ni mò ń bá wí.

Ohun tí àwọn asọ̀rọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n máa ń sọ ni pé bí ẹni tó ń fínná mọ́ni bá pàdé ẹlẹ́sẹ̀ fífúyẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ fífúyẹ́ ló ń borí, ọ̀rọ̀ ti parí. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé afínnámọ́ni kàn ń rìn lọ gbọnrangandan bíi màlúù tó ń lọ sódò. Irọ́ ni. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kì í tẹ̀lé alátakò rẹ̀ kiri. Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà. Bí onítọ̀hún bá yí sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dé ibẹ̀ ṣáájú. Díẹ̀díẹ̀, ríǹgì á máa kéré sí i fún ẹni tó ń sá, títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi kan okùn. Kò sì dìgbà tí ẹ̀ṣẹ́ bá ba àgbọ̀n. Apá ni kó lù, èjìká ni kó lù, egungun ìhà ni kó lù. Ẹni tí wọ́n ti lu apá rẹ̀ fún ráúńdì mẹ́jọ, ọwọ́ rẹ̀ ò ní lè gòkè tó bẹ́ẹ̀ mọ́ ní ráúńdì kẹsàn-án.

Ẹ bi Willie Pep. Bóyá la rí akànṣẹ́ tó ṣòro láti fi ẹ̀ṣẹ́ bà jù ú lọ nínú ìtàn. Ní oṣù Kẹsàn-án 1958, ní Boston, òun ló ń fi àmì ṣíwájú Hogan Bassey, ọmọ Nàìjíríà. Bassey kò dúró, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀ ṣáá, ní ráúńdì kẹsàn-án, Pep wà nílẹ̀. Jersey Joe Walcott náà gbé Rocky Marciano ṣubú ní ráúńdì kìíní ní 1952, ó fi àmì ṣíwájú rẹ̀ títí wọ́n fi dé ráúńdì kẹtàlá. Ọwọ́ ọ̀tún kan ṣoṣo ni Marciano fi parí ẹ̀. Lọ́dún 1990, ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ló kù kí agogo ìkẹyìn lù nígbà tí rẹfirí dá ìjà Meldrick Taylor pẹ̀lú Chávez dúró. Taylor ló ń ṣíwájú nínú ìwé adájọ́ méjì, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbé e mọ́, Chávez ló borí. Joe Frazier ń tẹrí ba lábẹ́ jáàbù Muhammad Ali ní 1971 títí di ráúńdì kẹẹ̀ẹ́dógún, kó tó wá fi húùkù òsì, ẹ̀ṣẹ́ tó ń tẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, gbé e dùbúlẹ̀ gbalaja. Gbèsè àwọn afínnámọ́ni, ìparí ìjà ni wọ́n máa ń gbà á. (Ráúńdì kẹtàlá sí kẹẹ̀ẹ́dógún ò sí mọ́ o; lẹ́yìn tí akànṣẹ́ Duk Koo Kim kú nítorí ìjà ní 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé e kúrò. Mi ò ní kí wọ́n dá a padà, ẹ̀mí ṣe pàtàkì jù.)

Kí wọ́n tó lè gba gbèsè náà, àfi kí rẹfirí jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni mò ń bọ̀. Nígbà tí Frazier àti Ali tún pàdé ní 1974, Ali ti kọ́gbọ́n: bí Frazier bá ti wọlé, Ali á fi ọwọ́ gbá a lọ́rùn, á fà á mọ́lẹ̀, ó parí. Rẹfirí kò yọ àmì kankan. Ricky Hatton náà, ní 2007, bó bá ti sún mọ́ Floyd Mayweather báyìí, rẹfirí ti wà láàárín wọn. Hatton gan-an ni wọ́n wá yọ àmì lọ́wọ́ rẹ̀ ní ráúńdì kẹfà. Mi ò sọ pé Hatton ìbá borí. Húùkù tó gbé e ṣubú ní ráúńdì kẹwàá, tó fi orí gbá igun ríǹgì, kò sí àríyànjiyàn nínú ẹ̀. Òun alára sì mọ̀ ọ́n dì mọ́ni dáadáa.

Ẹlòmíì á ní kí n rántí Orlando Salido, tó fínná mọ́ Vasyl Lomachenko ní 2014, tó ń lù ú nísàlẹ̀ ìgbànú tí rẹfirí ń wòran. Òótọ́ ni, ìwà burúkú ni, ara Salido tilẹ̀ wúwo ju ìwọ̀n tí òfin ìjà náà gbà lọ kó tó wọ ríǹgì. Ẹlòmíì á dárúkọ Roberto Durán, afínnámọ́ni tó ní òun ò jà mọ́ ní ráúńdì kẹjọ nígbà tí Sugar Ray Leonard ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní New Orleans ní 1980. Mo gbọ́. Leonard kan náà ni Durán ti lù ní Montreal lóṣù márùn-ún ṣáájú, tí kò jẹ́ kó rí ibi sá sí.

Àwọn ọ̀gá tó ń darí ìjà ẹ̀ṣẹ́ mọ gbogbo èyí. Inú ìwé òfin wọn ló wà pé dídìmọ́ni jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, pé rẹfirí lè kìlọ̀, kó yọ àmì, kó tiẹ̀ lé ènìyàn kúrò nínú ìjà. Ta ni wọ́n kọ ọ́ fún? Bí ẹni tó ń mú owó wọlé bá ń dì mọ́ni, ojú wọn á fọ́ pátápátá. Kí ẹnìkejì fi orí kan án lẹ́ẹ̀kan péré, ìkìlọ̀ ti dé. Wọ́n ń gba owó iṣẹ́, wọn ò ṣiṣẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kò le. Kí rẹfirí kìlọ̀ fún ẹni tó bá dì mọ́ni lẹ́ẹ̀kíní nínú ráúńdì, kó kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kó yọ àmì kan lẹ́ẹ̀kẹta. Kó má wo ojú ẹnikẹ́ni. Bí ọwọ́ ẹnìkan bá ṣì ṣófo, tó ń fi lu ìhà, kí wọ́n má tú wọn ká, torí ẹni yẹn ò dì mọ́ ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ ló ń ṣe. Bí wọ́n bá sì fẹ́ tú wọn ká, ibi tí wọ́n wà ni kí wọ́n ti máa bá a lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn níbẹ̀, kí wọ́n yé fa ènìyàn padà sí àárín ríǹgì. Iṣẹ́ tẹ́nìkan ti fi ìṣẹ́jú kan gbáko ṣe kó tó ká alátakò rẹ̀ mọ́ igun ni wọ́n fi ń ṣòfò. Mo gbà pé nínú ráúńdì mẹ́rin àkọ́kọ́, ariwo á pọ̀, wọ́n á yọ àmì bí ẹni ń yọ òkúta nínú ìrẹsì. Tó bá fi máa di ráúńdì karùn-ún, gbogbo wọn á ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ sá lóòótọ́.

Kí wọ́n dín ríǹgì kù náà. Ẹ rántí pé Leonard bèèrè ríǹgì ńlá, kó lè ráàyè sá, kó tó gbà láti bá Marvin Hagler jà ní 1987. Kí àwọn adájọ́ sì yéé fi àmì fún jáàbù tó bà lórí ìbọ̀wọ́.

Ní tiyín, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ tẹ èsì ìjà jáde, ẹ jẹ́ kí akọ̀ròyìn yín ka iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dì mọ́ni, kí ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì àwọn adájọ́. Ìjà òru Sátidé yẹn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ó ṣì wà lórí ẹ̀rọ.

Èmi ni tiyín,
Òǹwòran ìjà ẹ̀ṣẹ́